Obìnrin Tó Jẹ Àkèré Onírun

Mbulle di àkèré náà mú ní ìbàdí, ó gbé e sókè kí àwọn obìnrin lè rí i. Àkèré náà kò jà. Ó kàn fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ yọ ẹ̀gún, ó ká ọmọ ìka rẹ̀ mọ́ra, ó sì fún wọn pọ̀ títí nǹkan kan fi dún lábẹ́ awọ. Egungun ìka náà ṣẹ́, ó gún awọ já, ó yọ síta bí èékánná ológbò. Ìgbà yẹn ló wá fi ya ọwọ́ Mbulle.

“Ó ti ṣe é,” ni Mbulle wí. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kò wò ó. “Ẹ wo irun rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lọ́la pé abo ni mo gbé wá.”

Irun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkèré náà méjèèjì àti lára itan rẹ̀. Ó dúdú, ó rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí irun orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ahone tẹ̀ síwájú kí ó lè rí i.

“Bàbá ọmọ ni,” ni Mbulle wí. “Orí ẹyin rẹ̀ ni mo ti bá a lábẹ́ òkúta, níbi tí omi ti ń já bọ́. Tí kò bá lẹ́yin nílẹ̀, irun yẹn kì í hù.”

“Ta ló wá ń ṣọ́ ẹyin náà báyìí?” ni Ahone bi í.

Mbulle wo ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń mú àkèré fún àwọn tó ń wá ọmọ ní Ngombat. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

“Omi,” ló fi dá a lóhùn.

Mesode, ìyá ọkọ Ahone, ti gba àkèré náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbé e wọ ilé ìdáná. Kò pẹ́ tí òórùn epo àti ata fi gba àgbàlá. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Mesode fúnra rẹ̀ ló gbé kókò gígún kalẹ̀, tó jókòó ti ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń bá a ṣa egungun wẹ́wẹ́ kúrò nínú ẹran kí ó má baà há a lọ́fun. Ó ya ìpín Ngole, ọkọ Ahone, sọ́tọ̀, ó fi kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè máa fín in títí ọkọ yóò fi ti oko ọ̀pẹ dé. Tọkọtaya ló ń jẹ ẹ́. Ahone jẹ tirẹ̀ tán, ó lá ọwọ́. Ẹran náà dùn. Ohun tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, pé ó dùn.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Ngombat pé láti òkè ọ̀run ni àkèré onírun ti ń já bọ́ sínú odò orí òkè, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ ohun tó tẹ̀ lé jíjẹ rẹ̀. Obìnrin tó bá ti jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá omi tó ń ṣàn mọ́ títí ikùn rẹ̀ yóò fi yọ síta. Ìbáà gba orí afárá, ìbáà jẹ́ omi tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ní omi yóò mọ ohun tirẹ̀, yóò sì gbà á padà.

Ilé ọkọ Ahone sì rèé, àárín odò méjì ló wà. Etome ń ṣàn lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, Mbe ń ṣàn lápá kejì, àwọn méjèèjì sì pàdé nísàlẹ̀, lẹ́yìn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lókè, igbó ni. Lẹ́yìn igbó, òkúta. Ilẹ̀ tó kù láàárín rí bí ahọ́n, ènìyàn sì lè rìn ín yí po kí ìkòkò kókò tó hó.

Kí Ahone tó wọ ilé ọkọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kọfí ló ń rù láti orí òkè lọ sí ọjà Tombel, agbọ̀n lẹ́yìn, okùn agbọ̀n níwájú orí. Á ti padà dé orí òkè kí àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jáde tó jẹun tán lọ́jà. Ngole máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yìn ìyàwó òun lòun kọ́kọ́ mọ̀. “Mo ṣáà ń sá tẹ̀ lé e kí n lè rí ojú. Nígbà tí mo máa fi rí ojú, mo ti dé Tombel, n kò sì ní nǹkan kan tí mo fẹ́ rà.”

Èyí tí Mbulle gbé wá yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Nígbà àkọ́kọ́, Ahone fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó jẹ àkèré, ó lóyún, ikùn kò tíì yọ. Aládùúgbò kan ní kọfí tí òjò fẹ́ bà jẹ́ ní ẹ̀yìn Mbe, Ahone sì fẹsẹ̀ la Mbe kọjá láti bá a rù ú. Omi náà kò dé orúnkún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ dé.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Mesode fọ àwọn aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó sin ohun tí wọ́n ń sin, ó se omi gbígbóná, ó wẹ ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Ngole gbọ́, ó wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì padà sí oko ọ̀pẹ. Ká ní wọ́n bá a wí ni, ì bá lè fèsì. Nígbà tí Mbulle wá gbé èkejì dé, kò sẹ́ni tó ní kí ó jẹ ẹ́. Òun ló na ọwọ́ sí abọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Ahone ti wà láàárín omi méjì. Òjò náà lọ, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, wọ́n ká kọfí, wọ́n sá kọfí, òjò mìíràn tún dé. Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn Etome, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a ro ó. Etí odò wà nítòsí, ṣùgbọ́n Mesode kò fẹ́ kí ó tilẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi, nítorí náà Senge ló ń pọnmi fún un.

Senge ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ti ní ọmọ méjì fún ọkùnrin kan ní Loum, ó ti kó wọn wálé, ó sì ti sọ pé òun kò padà sí Loum mọ́ láéláé. Àràárọ̀ ló máa ń sọ korobá kalẹ̀ níwájú Ahone.

“Olorì, omi ìwẹ̀ yín rèé. Ṣé kí n kúnlẹ̀ ni, àbí kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin?”

“Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tí o bá ti fẹ́ lọ, bá mi wẹ ẹ̀yìn.”

“Ẹ̀yìn tí kò gbé ẹrù, kí ló fẹ́ dọ̀tí níbẹ̀? Ẹ gbà mí o. Èmi tí mo bímọ ni mo ń pọnmi, ẹni tó ń wá ọmọ ló jókòó.”

“Wá bá mi jẹ àkèré, kí n bá ọ pọnmi.”

“Èmi? Tí n bá wo ọkùnrin lójú báyìí, oyún ni. Ẹ má fi àkèré lọ̀ mí!”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Senge á lọ sí ọjà, Ahone á sì máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí yóò fi kọjá afárá Etome, tí ariwo omi á fi gbé e mì.

Tí Ngole bá dé láti oko ọ̀pẹ, Ahone á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ odò á ṣì wà lára bàtà rọ́bà rẹ̀.

“Ìwọ náà jẹ lára ẹran yìí,” ó sọ fún un lọ́jọ́ kan. “Odò mélòó lo kọjá kí o tó dé ilé?”

Ngole rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ ra orí. “N kò kà wọ́n.”

“Omi kò wá nǹkan kan gbà lọ́wọ́ tìẹ?”

Inú ilé ìdáná ni Senge ti dá a lóhùn. “Ibo ni kí omi ti rí nǹkan gbà lára wọn? Ìgbà tí wọ́n máa fi dé etí odò, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lé wa lọ́wọ́!”

Ngole pàápàá rẹ́rìn-ín. Ahone kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Okùn aṣọ kan wà lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń sá àkísà oṣù rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí oòrùn ń dé. Tí àkísà náà bá yọ sórí okùn, gbogbo agbo ilé á ti rí i kí ó tó padà wọlé. Mesode kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń fi ẹran kún ọbẹ̀ Ahone lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹran tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, débi pé oúnjẹ tó dáa ló ń sọ fún Ahone pé wọ́n ti rí i. Nígbà mìíràn, Ahone máa ń rìn lọ sí etí Mbe, á dúró, á rìn padà gba inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí etí Etome, á tún dúró. Kò sẹ́ni tó fi okùn dì í. Bí ó bá ní òun ń lọ, kò sẹ́ni tí yóò na ọwọ́ láti dá a dúró, ó sì mọ̀.

Ní oṣù tí à ń sọ yìí, okùn aṣọ ṣófo. Ó ṣófo títí ọjọ́ rẹ̀ fi kọjá dáadáa. Ahone kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, kò sì sídìí láti sọ ọ́. Mesode bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí aláìsàn ń sùn nílé rẹ̀. Senge pàápàá kò ṣe àwàdà olorì mọ́. Ó ń gbé omi kalẹ̀, ó ń lọ.

Àárín àsìkò yẹn ni Ekane dé. Ẹ̀gbọ́n Ahone ọkùnrin ni, Duala ló ń gbé. Ó jókòó sórí ìjókòó kúkúrú, ó mu omi, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Ojú Màámi ti bàjẹ́,” ló sọ nígbẹ̀yìn. “Funfun ti bò ó. Kò lè dá gbé mọ́, mo fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ mi. Mọ́tò máa gbé wa ní Tombel lọ́jọ́ ọjà.”

“Kò rí nǹkan kan mọ́ rárá?”

“Ó ń rí ìmọ́lẹ̀. Ó ń rí ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó jẹ́.” Ó wo ilẹ̀. “Ó ní òun fẹ́ rí ojú rẹ, kí ìyẹn náà tó tán.”

Ahone wo Mesode. Mesode ti ẹ̀wà tó ń ṣà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ekane, ṣé o kò lè pọ̀n ọ́n kọjá wá síbí? Kí ó sùn lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ràn ìyá rẹ.”

“Ìyá, igi kan ló kù lórí Etome. Omi ti gbé èkejì lọ àti okùn tí à ń dì mú. Èmi nìkan, ẹ̀rù bà mí kí n tó kọjá. Ká wá sọ pé mo gbé arúgbó lẹ́yìn.”

“Kí ó wá dúró létí omi nígbà tí ẹ bá ń lọ,” ni Mesode wí. “Senge á bá Ahone lọ síbẹ̀. Kí wọ́n sọ̀rọ̀.”

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, Mesode so ìró mọ́ Ahone nídìí fúnra rẹ̀, ó so ó pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń di abọ́ tó lè fọ́. Kò sọ pé kí ó má kọjá. Ó ní, “Bá mi kí i. Sọ fún un pé mò ń tọ́jú rẹ.”

Etome ti kún. Omi pupa ń yí lábẹ́ igi afárá, ìfófòó rẹ̀ ń ta sórí igi. Ntube, ìyá Ahone, dúró ní òdìkejì, Ekane dì í ní apá. Ó ti rù. Gèlè rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Ekane kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún gèlè ṣe.

“Màámi!” Ahone pariwo.

“Ahone! Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà!”

“Kí lo jẹ?”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀!”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán?”

Senge bú sẹ́rìn-ín. “Màámi, ẹ má dá a lóhùn! Ẹran ló ń jẹ nílé wa! Àwa ni a ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀!”

Ntube náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń yí orí kiri bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́. “Ibo lo wà? Fì nǹkan kan sókè kí n rí i.”

Ahone tú gèlè rẹ̀, ó ń fì í sókè. Aṣọ pupa ni. Ntube ń wo apá òsì, níbi tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti ń mì nínú afẹ́fẹ́.

“Mo rí ọ!” ni Ntube wí fún ewé náà. “Mo rí ọ, ọmọ mi!”

Ekane fẹ́ yí i padà, ó wo Ahone, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni Ahone gbé ẹsẹ̀ kan lé igi.

“Ahone, kí lò ń ṣe?” Ó ti jáde lẹ́nu Ekane kó tó mọ̀.

“Kí ló ń ṣe?” Ojú Ntube yí padà. “Ó ti gun igi? Ahone! Ṣé nítorí tèmi ni? Padà! Mo ní kí o padà!”

“Màámi, ẹ ní ẹ fẹ́ rí mi.”

“N kò fẹ́ rí ọ mọ́! Ẹkún lo fẹ́ fi rán mi lọ sí Duala? Nígbà tí mo jẹ àkèré nítorí rẹ, ìyá mi kú lẹ́yìn odò. N kò lọ. Mo gbọ́ ìbọn òkú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wa, n kò lọ. Nítorí kí ìwọ lè dúró níbẹ̀ yẹn ni. Sọ̀ kalẹ̀!”

Ahone sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. “Mo ti sọ̀ kalẹ̀.”

“Búra.”

“Mo ti sọ̀ kalẹ̀, mà. Ẹ bi Ekane.”

“Ó ti sọ̀ kalẹ̀,” ni Ekane wí.

Ntube mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn adìyẹ tí ó fi sílẹ̀, ẹni tí ó fún, èyí tó ń yé sínú igbó. Ó ń sọ ọ́ sókè, sí apá ibi tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ahone ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó kó o fún Senge pẹ̀lú gèlè pupa náà. Senge gbà á kí ó tó mọ ohun tó ń gbà.

Ahone gun igi náà. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan irú igi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Kò wo omi.

Ó wà láàárín nígbà tí Ntube dákẹ́ lójijì.

“Ahone? Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?”

Bí Ahone bá dáhùn láti orí igi, Ntube á mọ̀ pé ó ń bọ̀. Omi ń pariwo.

“Mo wà níbí, Màámi!”

Senge ni. Ó di gèlè náà mọ́ àyà, ó sì ń pariwo láti ibi tí Ahone ti gun igi, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti Ahone gẹ́lẹ́. “Ẹ máa sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́! Adìyẹ wo lẹ ní ó ń yé sínú igbó?”

“Funfun yẹn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, èyí tó yarọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n!”

Ahone dé ilẹ̀. Ó rìn wá títí ó fi dúró níwájú ìyá rẹ̀. Ó rí awọ funfun tó wà lójú rẹ̀ àti ìlà tí oorun ṣe sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òórùn èéfín àti àdí ìpara ń ti ara rẹ̀ wá. Ntube rí òjìji ẹnìkan níwájú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ dúró.

“Ta nìyí?”

“Ẹnìkan tó ń lọ oko ni,” ni Ekane wí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Ntube wí. Ahone tẹrí ba. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ojú yín dáa, ọmọ mi ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó sanra?”

Ahone ń wo ìyá rẹ̀. Ekane wo Ahone láti òkè dé ilẹ̀.

“Ó sanra, Màámi. Ẹni náà ní ó sanra.”

“Ojú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó dán.”

“A dúpẹ́.” Ntube mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ahone na ọwọ́, ó fa gèlè ìyá rẹ̀ padà sí àárín orí, ó tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ bó ṣe yẹ. Ntube dúró jẹ́ẹ́ fún un títí ó fi ṣe é tán.

“Ẹ ṣé o,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó pariwo sí òdìkejì odò, “Ahone, òjò ń bọ̀! Máa lọ sílé!”

“Mò ń lọ, mà!” ni Senge dáhùn. Ẹkún ti wà nínú ohùn náà, ṣùgbọ́n omi ń pariwo.

Ekane gbá ìyá rẹ̀ lápá mú, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà Tombel. Ó wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wọ abẹ́ igi kọfí, a ṣì ń gbọ́ Ntube tó ń bi í bóyá mọ́tò náà lórùlé.

Senge dúró ní òdìkejì, bàtà Ahone lọ́wọ́ rẹ̀ kan, gèlè pupa lọ́wọ́ kejì. Ó gbé bàtà náà sókè díẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ahone yí padà kúrò níbi igi afárá náà, ó bọ́ sí ọ̀nà tó gba etí odò lọ sókè, síbi òkúta tí omi ti ń já bọ́, níbi tí àkèré ti ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀, ó ń rìn, kò yára, kò sì falẹ̀.